Fídíò Ọ̀bọ Tó Kún fún Àwọ̀ Ewé: Èyí Tó Ṣeé Tún Ṣe àti Èyí Tí Kò Ṣeé Tún Ṣe

Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Akúrẹ́ ni mo wà. Fóònù ni mo fi ń ya fídíò ẹranko: ọ̀bọ inú igbó ọgbà yunifásítì FUTA, alángbá orí Òkè Ìdànrè, àwọn ẹyẹ ojú ọ̀nà Ọ̀wọ̀. Gbogbo èyí tí mo bá yà lábẹ́ igi ló máa ń dà bí ẹni pé wọ́n da ọbẹ̀ ewédú lé e lórí. Òmíràn á bẹ̀rẹ̀ dáadáa, tó bá dé àárín, àwọ̀ á ṣàdédé yí sí yẹ́lò, bẹ́ẹ̀ n kò fọwọ́ kan nǹkan kan. CapCut tí mo fi ń tún fídíò ṣe lórí fóònù ti sú mi. Tí mo bá ní kí n dín àwọ̀ ewé kù, ọ̀bọ á di pínǹkì. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lọ ra LUT (àtẹ àwọ̀ tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀), èkejì ní àfi kí n ra kámẹ́rà gidi. Sọ́fítíwíà wo ló lè gbà mí? Ẹ má bínú pé ìbéèrè pọ̀.

*

Àbúrò, má tíì náwó kankan. Kó o tó dá fídíò lẹ́bi, yẹ ojú fóònù tó o fi ń wò ó wò ná. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti tan ètò tó ń mú ojú fóònù pọ́n lálẹ́, tí wọ́n sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Samsung ń pè é ní Eye comfort shield, Windows ń pè é ní Night light. Pa á. Tó bá jẹ́ Samsung lo ń lò, wọ inú Screen mode, kúrò lórí Vivid, bọ́ sórí Natural. Vivid máa ń fi àwọ̀ kún àwọ̀. Wàá ti dín ewé kù títí tó fi dùn mọ́ ẹ lójú, ẹni tó ń fi fóònù tirẹ̀ wò ó ní Ọjà Ọba á sì máa bi ẹ́ pé kí ló ṣe ọ̀bọ yìí, ṣé ara rẹ̀ kò yá ni.

Bákan náà, ṣé fáìlì tó jáde látinú fóònù gan-an lo ń tún ṣe, àbí èyí tó ti gba WhatsApp kọjá? WhatsApp máa ń fún fídíò mọ́lẹ̀, àwọ̀ sì wà lára ohun tó máa ń lọ sí i. Tó bá di dandan kó gba ibẹ̀ kọjá, fi ránṣẹ́ bíi document.

Lẹ́yìn ìyẹn la tó lè jọ sọ̀rọ̀. Ìṣòro méjì lo kó pọ̀, wọn kò sì bá ara wọn tan. Àwọ̀ ewé tó bo gbogbo nǹkan, ọwọ́ igbó ló ti wá. Ewé máa ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú pupa àti búlúù inú ìmọ́lẹ̀ oòrùn mì, èyí tó ṣẹ́ kù tó ń kọjá wálẹ̀, àwọ̀ ewé ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ọ̀bọ tó jókòó sábẹ́ igi, ìmọ́lẹ̀ ewé ló ń tàn sí i lára lóòótọ́. Fóònù kò parọ́ níbẹ̀. Àmọ́ èyí tó yí lágbedeméjì, fóònù ló jẹ̀bi.

*

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú èyí tó yí lágbedeméjì, torí òun ló rọrùn jù láti dènà, òun náà ló sì ń gba àkókò jù láti tún ṣe.

Fóònù kì í mọ ohun tó funfun. Ńṣe ló máa ń méfò. Ó ń wo gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀, á pinnu pé ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ rí báyìí, á sì fà á padà síhìn-ín. Níwọ̀n ìgbà tí igi nìkan ló ń rí, á máa fa ewé kúrò. Ọ̀bọ fò, o yí fóònù tẹ̀ lé e, ilẹ̀ pupa ilé wa yìí wọlé tàbí oòrùn já lu ibì kan, fóònù á ní rárá, mo ti ṣì í méfò, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í fà á sí ibòmíràn. Ohun tó o rí tó ń yí sí yẹ́lò nìyẹn. Auto white balance lorúkọ rẹ̀.

Bó o ṣe máa dènà rẹ̀: tì í pa kó o tó bẹ̀rẹ̀. Open Camera lórí Android kò gba kọ́bọ̀, ó sì gbà kó o ti white balance pa. Blackmagic Camera náà, ọ̀fẹ́ ni. Ó dé orí iPhone ní 2023, ó sì dé Android ní 2024, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo fóònù Android ló gbà á. iPhone tó jẹ́ tuntun ní Lock White Balance nínú sẹ́tìn Record Video tirẹ̀. Tó bá ní kó o mú nọ́ńbà (Kelvin, ìwọ̀n àwọ̀ ìmọ́lẹ̀), mú nǹkan bí 5500 sínú oòrùn gbalasa, 6500 sí 7000 sábẹ́ ìbòji. Bó o bá tiẹ̀ ṣì í mú, kò ba nǹkan jẹ́ púpọ̀. Fídíò tí àwọ̀ rẹ̀ ṣìnà lọ́nà kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lo máa tún un ṣe.

Ẹnìkan ti kọ ọ́ sábẹ́ ibí pé ọ̀rọ̀ ìwé nìyẹn, pé ẹranko kì í dúró de ẹni tó ń wá bọ́tìnì, pé auto ló dára jù fún igbó. Òótọ́ ni pé ẹranko kì í dúró. Ṣùgbọ́n ta ló ní kó o dìgbà tí ọ̀bọ bá yọ kó o tó máa wá bọ́tìnì? Tó o bá ti wọ abẹ́ igi, kí ohunkóhun tó mi, gbé fóònù sókè, tì í pa, kó o wá máa dúró. Ìmọ́lẹ̀ abẹ́ igi kì í sáré yí padà bí fóònù ṣe ń sáré yí èrò rẹ̀.

Èyí tó ti bà jẹ́ tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Má gbé e jù nù. Gbé fídíò náà lé ara rẹ̀: ẹ̀dà kan nísàlẹ̀, ẹ̀dà kejì lókè rẹ̀, kí wọ́n bára mu fírémù sí fírémù. Tún ti ìsàlẹ̀ ṣe títí apá ìbẹ̀rẹ̀ á fi dára, má wo ìparí. Tún ti òkè ṣe títí apá ìparí á fi bá ìbẹ̀rẹ̀ mu, má wo ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wá ibi tí àwọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí, kó o jẹ́ kí opacity ti òkè (bó ṣe ń bo ti ìsàlẹ̀ tó) bẹ̀rẹ̀ láti 0 níbẹ̀, kó dé 100 níbi tí yíyí náà ti parí. Bí ti ìsàlẹ̀ ṣe ń bà jẹ́ ni ti òkè ń bò ó. Fífi keyframe (àmì tó ń yí sẹ́tìn padà láàárín fídíò) sórí temperature (ohun tó ń fa àwọ̀ láàárín búlúù àti yẹ́lò) fúnra rẹ̀ náà ń ṣiṣẹ́, àmọ́ yíyí fóònù kì í lọ ní ìlà gbọọrọ, wàá fi keyframe kún keyframe títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọ̀nà ẹ̀dà méjì yìí ni èmi fara mọ́, ó sì ń ṣeé ṣe nínú sọ́fítíwíà èyíkéyìí tó bá lè gbé fídíò lé fídíò, CapCut náà wà níbẹ̀.

*

Ó wá ku àwọ̀ ewé.

Ohun tó ń sọ ọ̀bọ rẹ di pínǹkì ni pé Tint lo ń fà, ohun tó ń fa gbogbo àwòrán láàárín ewé àti pínǹkì. Tint kò mọ ọ̀bọ yàtọ̀ sí igi. Bó ṣe ń yọ ewé kúrò lára igi ló ń yọ ọ́ lára irun ọ̀bọ, òdìkejì ewé sì ni pínǹkì yẹn. Nítorí náà, fa Tint dé ìdajì ibi tó o rò pé ó yẹ, kó o dúró. Ìyókù, inú HSL, ibi tí wọ́n ti ń tún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe lọ́tọ̀, ni kó o ti parí rẹ̀. Ó wà nínú Adjust lórí CapCut. Lórí DaVinci Resolve, sọ́fítíwíà orí kọ̀ǹpútà, Hue vs Sat àti Hue vs Hue ni. Mú àwọ̀ ewé nìkan, dín agbára rẹ̀ kù, kó o sì tì í díẹ̀ sí ìhà yẹ́lò. Igi á tutù, ọwọ́ rẹ kò sì ní kan ọ̀bọ.

Báwo lo ṣe máa mọ ìdajì? Ọ̀bọ tó o ń wí yẹn, irú tí wọ́n ń pè ní Mona, yí i sẹ́yìn wò. Àmì funfun méjì wà ní ìdí rẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún ìrù, ọ̀kan lápá òsì, roboto báyìí. Dá fídíò dúró níbi tó ti kẹ̀yìn sí ẹ. Ṣí parade, ìyẹn àwòrán tó ń fi pupa, ewé àti búlúù hàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Resolve ní in, Shotcut àti Kdenlive, sọ́fítíwíà bíi tirẹ̀, náà ní in. Sún fídíò náà mọ́ra títí àmì funfun yẹn á fi gba ojú. Wàá rí i pé ewé ga ju pupa àti búlúù lọ. Fi Tint fà á wálẹ̀ títí tí ìyàtọ̀ náà á fi dín kù dé ìdajì.

Ibí ni èmi àti àwọn ọ̀gá kan kì í ti í gbọ́ ara wa yé. Ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ orí YouTube ló máa ń sọ pé kí àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bára dọ́gba, kí funfun funfun porogodo. Fún ẹni tó ń ya ìgbéyàwó nínú gbọ̀ngàn, mo gbà. Fún igbó, n kò gbà. Ẹni tó bá dúró sábẹ́ igi yẹn pẹ̀lú rẹ, ojú rẹ̀ mọ̀ pé abẹ́ igi lòun wà. Bó o bá fa ewé kúrò tán pátápátá, ọ̀bọ náà á dà bí èyí tí wọ́n gé láti ibòmíràn lẹ̀ mọ́ igi. Fi díẹ̀ sílẹ̀. Igbó ni, kì í ṣe ilé ìyàwòrán.

*

Ọ̀rọ̀ funfun yìí ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹnìkan mú ìwúre àwọn àgbà wá: agbe ló laró, kì í ráhùn aró, àlùkò ló losùn, kì í ráhùn osùn, lékèélékèé ló lẹfun, kì í ráhùn ẹfun. Ó ní kí ló dé tá à ń wá ìdí ọ̀bọ kiri nígbà tí lékèélékèé wà lẹ́yìn màlúù níbi gbogbo, ká kàn tẹ eyedropper, ohun tá a fi ń sọ fún sọ́fítíwíà pé ibí ló funfun, lé e lórí.

Ìwúre náà dùn, mo ṣe àmín. Àmọ́ tí àkókò ìyé ẹyin bá dé, orí, àyà àti ẹ̀yìn lékèélékèé máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Tẹ eyedropper lé ibẹ̀, fídíò rẹ á di búlúù. Èyí tó ń tẹ̀ lé màlúù nínú erùpẹ̀ pupa náà tún ti gbé àwọ̀ erùpẹ̀ sára. Lo abẹ́ ìyẹ́ rẹ̀ nígbà tó bá ń fò, tí oòrùn kò sì pa funfun náà jó. Funfun tó ti jó, tó ti dé òkè pátápátá, kò lè sọ ohunkóhun fún ẹ nípa àwọ̀, torí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kan òrùlé.

Ẹlòmíràn ní àǹkáṣíìfù funfun lòun máa ń tẹ́. Àǹkáṣíìfù tí wọ́n fi búlúù fọ̀ ńkọ́? Ṣebí ìdí tá a fi ń fi búlúù sómi ni kí aṣọ má bàa pọ́n. Ojú wa á rí i pé ó funfun nini, kámẹ́rà á rí búlúù níbẹ̀, tó o bá wá ní kí sọ́fítíwíà kà á sí funfun, gbogbo nǹkan tó kù á pọ́n. Bébà A4 náà ní ohun tí wọ́n fi sí i tó ń jẹ́ kó tan búlúù díẹ̀ nínú oòrùn. Grey card ni òpin ọ̀rọ̀, ìyẹn káàdì aláwọ̀ eérú tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí. Kò wọ́n, ó sì ń wọ àpò. Gbé e síwájú fóònù níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti dọ́gba pẹ̀lú ti ẹranko, yà á fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kó o tó máa bá tìẹ lọ.

Àwọn tó ní kí a fi àpáta Ìdànrè ṣe àwọ̀ eérú, ẹ sún mọ́ ọn, ẹ wò ó dáadáa. Omi òjò ti fa ìlà dúdú sí i lára, ewéko kéékèèké ti bo apá kan, òkúta fúnra rẹ̀ sì ní àwọ̀ oríṣiríṣi nínú.

*

LUT. Má rà á.

Ó dáa, màá ṣàlàyé. LUT kì í ṣe oògùn. Àtẹ ni: tí àwọ̀ báyìí bá wọlé, kí àwọ̀ báyìí jáde. Ẹni tó ṣe é mọ irú fídíò tó ń wọlé síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ lára èyí tí wọ́n ń tà kiri, fídíò log ni wọ́n ṣe é fún, ìyẹn fídíò tí kámẹ́rà mọ̀ọ́mọ̀ yà kí àwọ̀ rẹ̀ dà bí èyí tó ti ṣá, kí wọ́n lè tún un ṣe lẹ́yìn. Fídíò fóònù tìẹ, fóònù ti sè é jinná. Tó o bá tún gbé LUT log lé e, dúdú á rì, funfun á jó, igi á di nǹkan míì. Bó bá sì wá jẹ́ pé àwọ̀ ewé ló wọlé, àwọ̀ ewé tó burú sí i ló máa jáde, torí àtẹ kò mọ̀ pé abẹ́ igi lo wà.

Ìmọ́lẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ tún ṣe, ibi tí dúdú àti funfun yẹ kó dúró. Lẹ́yìn náà, white balance. Lẹ́yìn náà, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan tó ń yọnu. Tí ọkàn rẹ bá ṣì ń fẹ́ LUT lẹ́yìn ìyẹn, fi í sí ìparí, dín in kù dé bí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára rẹ̀. Èyí tí mo ń rí jù ni kí èèyàn bẹ̀rẹ̀ láti orí Saturation, ìyẹn agbára àwọ̀. Saturation ló yẹ kó gbẹ̀yìn.

*

Ẹni tó béèrè nípa alángbá: "orí rẹ̀ ń dà bí ike, kò ní ìpẹ́ lára mọ́." Mo wo fídíò tó fi síbẹ̀. Ìbéèrè gidi nìyí.

Akọ alángbá lórí àpáta lọ́sàn-án gangan, orí àwọ̀ ọsàn, ara búlúù, ó ń mi orí fún akọ mìíràn. Èèyàn ti gun àtẹ̀gùn 660 dókè, èémí kò tíì balẹ̀, ló bá sáré tẹ bọ́tìnì. Àpáta ṣókùnkùn díẹ̀, fóònù sì ní kóun fi ìmọ́lẹ̀ kún un. Orí alángbá ló ru ẹrù náà. Tẹ fídíò dúró, wo parade níbi orí yẹn: pupa ti dé òkè pátápátá, ó tẹ́ pẹrẹsẹ síbẹ̀, ewé wà ní àárín, ó ń gòkè ó ń sọ̀ kalẹ̀, búlúù wà nísàlẹ̀. Gbogbo ìpẹ́ tó o ń wá, inú ewé ló sá pamọ́ sí.

Ọ̀pọ̀ fóònù máa ń kọ fídíò sílẹ̀ ní 8-bit, ìyẹn ìpele 256 péré fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. 10-bit ní 1,024. Tí pupa bá ti dé ìpele tó gbẹ̀yìn, kò sí ibi tó tún máa lọ. Bó o bá fà á wálẹ̀, pupa tó tẹ́ pẹrẹsẹ náà ló máa tẹ̀ lé ẹ wálẹ̀. Ohun kejì ni 4:2:0: nínú píksẹ́lì mẹ́rin tó wà pa pọ̀, wọ́n kọ ìmọ́lẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, àmọ́ àwọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n jọ pín. Ìdí nìyẹn tí etí ibi tí pupa ti kan àpáta fi máa ń ṣe ṣákaṣàka tó o bá fi Saturation kún un.

Ohun tó ṣeé ṣe rèé. Lórí Resolve, fi qualifier, ohun tó ń fi àwọ̀ ṣa ibì kan, mú orí yẹn nìkan, kó o bo ìyókù. Wọ RGB Mixer, ibi tí wọ́n ti ń po pupa, ewé àti búlúù pọ̀, dín pupa kù nínú pupa, kó o sì fi ewé díẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ìpẹ́ tó wà nínú ewé á wọ inú pupa. Àwọ̀ orí náà á fẹ́ẹ́ ṣá sí i, àmọ́ á tún di orí ẹranko. Má retí iṣẹ́ ìyanu. CapCut kò ní irú rẹ̀. Ibẹ̀, dín Saturation pupa àti ti ọsàn kù nínú HSL, kó o gbà bó bá ṣe rí.

Nígbà míì, kó o tó tẹ bọ́tìnì, tẹ orí alángbá lójú fóònù, kó o fa àmì oòrùn kékeré yẹn wálẹ̀ títí wàá fi rí ìpẹ́. Àpáta á ṣókùnkùn. Jẹ́ kó ṣókùnkùn; àpáta ṣeé gbé sókè lẹ́yìn, orí tó jó kò ṣeé mú bọ̀.

*

Nísinsìnyí, ẹni tó ní "èké ni gbogbo àtúnṣe àwọ̀, ẹ fi fídíò sílẹ̀ bí Ọlọ́run ṣe dá a."

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe Ọlọ́run ló ṣe auto white balance. Fóònù ti tún àwọ̀ ṣe kó tó kan ẹnikẹ́ni. Ohun tó kàn ni ẹni tó máa tún un ṣe gbẹ̀yìn, ìwọ tó o wà níbẹ̀ tàbí ẹ̀rọ tí kò mọ ọ̀bọ yàtọ̀ sí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ṣùgbọ́n apá kan wà nínú ọ̀rọ̀ wọn tí mo fara mọ́. Ìmọ́lẹ̀ ló yẹ ká tún ṣe, ká fi ẹranko sílẹ̀. Alángbá kan náà tó o rí ní òwúrọ̀ kùtù, tí ara rẹ̀ ṣì tutù, àwọ̀ ilẹ̀ ló máa ní. Tí oòrùn bá ti pa á dáadáa ni pupa àti búlúù á tó jáde. Mo ti rí ẹni tó fẹ́ kí fídíò òwúrọ̀ bá ti ọ̀sán mu, tó wá kun alángbá náà. Irọ́ gan-an nìyẹn. Ẹyẹ kéékèèké tó ń mu omi òdòdó, tí ọrùn wọn ń dán, tó bá yí orí báyìí á di dúdú, tó bá yí padà á tún dán. Bí ìyẹ́ wọn ṣe ń ta ìmọ́lẹ̀ padà ló fà á, má ṣe tún nǹkan kan ṣe níbẹ̀. Ti àlùkò yàtọ̀ sí ìyẹn. Pupa abẹ́ ìyẹ́ rẹ̀, àwọ̀ gidi ni, bàbà wà nínú rẹ̀, ibi yòówù kó kọjú sí, pupa náà ni. Tó bá yí lójú fídíò rẹ, ìmọ́lẹ̀ tàbí fóònù ló yí.

Ó sì máa ń ní ìlò gidi. Ọ̀pọ̀lọ́ kan wà lórí Òkè Ìdànrè tí wọn kò tíì rí níbòmíràn láyé. 1963 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ nínú ìwé sáyẹ́ǹsì. Bó o bá ṣe kòńgẹ́ ọ̀pọ̀lọ́ lórí àpáta yẹn tó o yà á, ẹni tó mọ̀ ọ́n lè fẹ́ wo àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. Fi fáìlì tí o kò fọwọ́ kàn pamọ́. Ẹ̀dà ni kó o máa tún ṣe, nígbà gbogbo.

*

Kúkurú lórí ọyẹ́, torí èèyàn mẹ́ta ló béèrè. Tí ọyẹ́ bá mú, tí Òkè Ìdànrè fi dà bí òjìji, dúdú inú fídíò kì í dúdú mọ́, á gòkè di eérú. Fa dúdú náà wálẹ̀, fi contrast (ìyàtọ̀ láàárín dúdú àti funfun) díẹ̀ kún un, ó tó bẹ́ẹ̀. Má bá ọyẹ́ jà títí ojú ọ̀run á fi di búlúù. Oṣù Kìíní ni, gbogbo wa mọ bó ṣe ń rí. Tí ìlà bá bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lójú ọ̀run bí àtẹ̀gùn, 8-bit ni, o ti fà á jù. Dín in kù, tàbí kó o fi grain (àmì wínníwínní) díẹ̀ sí i, kó bo ìlà náà.

Ìlà elésè-àlùkò tó máa ń yí ẹ̀ka igi ká tó bá kọjú sí ọ̀run funfun, lẹ́ńsì ló ń fà á, ó sì máa ń pọ̀ tó o bá fi fóònù lé ojú awò-ọ̀nà-jíjìn. Dín Saturation elésè-àlùkò kù. Àfi tó bá jẹ́ àlùkò fúnra rẹ̀ ló bà lé ẹ̀ka náà, wàá ní láti kọ́kọ́ fi mask bò ó.

*

Ti sọ́fítíwíà tó o béèrè. Tí kọ̀ǹpútà rẹ bá lágbára, Resolve, èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Ohun àwọ̀ tí a ti ń sọ látàárọ̀ wà níbẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Ó máa gbé fídíò jáde dé 3840 sí 2160. Èyí tó ń pa ariwo inú fídíò alẹ́, ìyẹn noise reduction, ti Studio tí wọ́n ń tà ni. Tó bá jẹ́ Linux lo ń lò, mọ̀ pé ti ọ̀fẹ́ kì í ka H.264, irú èyí tí ọ̀pọ̀ fóònù ń kọ. Wàá ní láti yí i padà sí irú mìíràn ná.

Tí RAM rẹ kò bá ju 8GB lọ, Resolve á máa fi ẹ́ ṣẹ̀sín. Lọ sórí Shotcut tàbí Kdenlive, ọ̀fẹ́ ni àwọn méjèèjì, wọ́n sì fúyẹ́. Èyí ó wù kó o lò, tan proxy, kó lè máa fi ẹ̀dà kékeré ṣiṣẹ́. Batiri laptop á tún pẹ́ sí i tí wọ́n bá mú iná lọ, tí wọ́n sì máa mú un lọ ṣáá ni.

Kámẹ́rà gidi? Tó o bá rówó, ó dáa. 10-bit á fún ẹ láàyè, lẹ́ńsì á sún ẹ mọ́ ọn. Àmọ́ lábẹ́ igi kan náà, àwọ̀ ewé kan náà ló máa yà. Kọ́kọ́ ti white balance fóònù rẹ pa ná.

Ẹni tó ní fídíò iPhone òun máa ń funfun bí èyí tó ti ṣá tó bá dé inú sọ́fítíwíà: HDR ni, ìyẹn fídíò tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ju ti fídíò lásán lọ. Láti iPhone 12 ni wọ́n ti ń yà á bẹ́ẹ̀. Pa HDR Video nínú sẹ́tìn. Èyí tó o ti yà, tan color management nínú Resolve kó mọ̀ pé HDR ló wọlé. Má fi ọwọ́ fa ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀.

*

Ìbéèrè tó wọlé lálẹ́ yìí, láti ọ̀dọ̀ ẹni tó so kámẹ́rà mọ́ igi lápá Ìfọ̀n: fídíò alẹ́ dára, ti ọ̀sán pínǹkì látòkè délẹ̀, igi náà pínǹkì. Ó ti fa gbogbo ohun tó ṣeé fà nínú Shotcut, kò gbọ́.

Kò ní gbọ́. Gíláàsì kékeré kan wà nínú kámẹ́rà yẹn tó máa ń bo lẹ́ńsì lọ́sàn-án kí ìmọ́lẹ̀ infrared, èyí tí ojú èèyàn kò lè rí, má bàa wọlé. Lálẹ́, á sún kúrò kí kámẹ́rà lè fi infrared ríran. Tìẹ ti há síbi tó máa ń wà lálẹ́. Ewé máa ń ta infrared padà gan-an, ìyẹn ló fi di pínǹkì, aṣọ dúdú náà á máa hàn bí aṣọ tó ti ṣá. Infrared náà ti wọ inú pupa, ewé àti búlúù lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí bí white balance ṣe fẹ́ ṣà á kúrò. Sọ fídíò ọ̀sán wọ̀nyẹn di dúdú àti funfun, kó o fi contrast kún un, ẹranko inú rẹ̀ á ṣeé dá mọ̀.

Kámẹ́rà fúnra rẹ̀: pààrọ̀ bátìrì ná, torí bátìrì tó ti rẹ̀ lè máà ní agbára tó láti sún gíláàsì náà. Tí kò bá yí padà, fi ìka gbá a jẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ńsì, nígbà míì ó máa ń já. Tó bá ṣì há, so ó padà mọ́ igi fún iṣẹ́ alẹ́ nìkan, kó o wá òmíràn fún ọ̀sán.